Brọ́dà kì í ṣe Fadá tó kùnà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ọkùnrin ní òun fẹ́ lọ di Brọ́dà Kátólíìkì, nílé àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, tí wọn kì í ṣe Fadá. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá wa ti ń sunkún. Ẹnìkan tó máa ń kọ́ wa ní Bíbélì ṣàlàyé pé ẹni tí orí rẹ̀ kò gbé ìwé dé ipò àlùfáà ni wọ́n ń sọ di Brọ́dà, wọ́n á wá fún un ní ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ kó má baà máa jókòó lásán. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé 'iṣẹ́ ni àdúrà' nìyẹn, kí wọ́n fi tu ẹni tí kò lè rú ẹbọ Mísà nínú. Ṣé òótọ́ ni? Kí tiẹ̀ ni Brọ́dà túmọ̀ sí?"

Mo kà á tán, mo dìde, mo lọ mu omi. Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni mo ń bínú sí. Olùkọ́ Bíbélì yín ni, tó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó fi purọ́ mọ́ Brọ́dà, tó tún fi purọ́ mọ́ iṣẹ́. Ọdún méjì ni mo fi gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ mi, kó tó hàn sí èmi àti àwọn àgbà ilé pé ìyàwó àti ọmọ ni Ọlọ́run kọ mọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

Orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. "Frater" ni àwọn ará ìgbàanì ń pè é ní èdè Látìn, ìyẹn ọmọ ìyá. Àwa náà ní arákùnrin, "ará" sì ni gbòǹgbò rẹ̀: ẹni tó bá àwọn yòókù jẹ́ ará ilé kan náà. Oyè ni ti Fadá. Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gba Sakaramẹ́ǹtì. Ẹ̀jẹ́ ni ti Brọ́dà. Òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu jẹ́ ẹ, pé òun kò ní gbéyàwó, òun kò ní ní ohun ìní tara òun, òun yóò sì máa gbọ́ràn sí olórí ilé lẹ́nu. Èèyàn lè joyè kó má jẹ́ ẹ̀jẹ́: ọ̀pọ̀ Fadá tó ń ṣàkóso páríìṣì ni kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ àìní rárá. Èèyàn lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ kó má joyè. Ẹlòmíràn ní méjèèjì. Níbo wá ni àkàsọ̀ wà nínú èyí, tí ẹnìkan yóò fi já bọ́ láti òkè tí yóò wá bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀?

Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, òfin 588, sọ pé ìgbé ayé ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìwà rẹ̀ gan-an kì í ṣe ti àlùfáà, kì í sì í ṣe ti ọmọ ìjọ lásán. Kó tó dìgbà náà, Ìpàdé Àpapọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1965 pé ìgbé ayé ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tí kì í ṣe àlùfáà pé fúnra rẹ̀. Odidi ni. Kì í ṣe àbọ̀ tó ń retí àbọ̀ kejì. Francis ti Assisi kò di àlùfáà títí ó fi kú lọ́dún 1226. Kí olùkọ́ yín wá sọ fún mi pé òun náà kùnà.

Mo gbà pé irọ́ yìí ní ibi tó ti hù. Nígbà tí àwọn mọ́ńkì, ìyẹn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń gbé pa pọ̀ nílé àdúrà, bẹ̀rẹ̀ ní Cîteaux nílẹ̀ Faransé ní ọdún 1098, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gba àwọn arákùnrin tí wọ́n ń pè ní "conversi" sínú ilé, kí wọ́n bá wọn mójú tó oko àti ẹran ọ̀sìn. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run ni wọ́n ń kà léraléra dípò Sáàmù, ibòmíràn ni wọ́n ń sùn sí, ibòmíràn ni wọ́n ti ń jẹun, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè kọjá sọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Irú ìyapa bẹ́ẹ̀ pẹ́ nílé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́. Ìpàdé ọdún 1965 yẹn kan náà ló ní kí wọ́n so àwọn arákùnrin mọ́ ìgbé ayé ilé pẹ́kípẹ́kí. Ìtìjú ni, mi ò ní fi ewé bò ó. Ṣùgbọ́n "conversus", bí a ti ń pe ẹnì kan nínú wọn, kò túmọ̀ sí ẹni tó kùnà. Ẹni tó yí padà ni, ẹni tó ti dàgbà kó tó ti inú ayé wá, tó yàtọ̀ sí ọmọ tí òbí rẹ̀ fi jìn fún ilé mọ́ńkì láti kékeré. Ìyẹn tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni "iṣẹ́ ni àdúrà" tí wọ́n ń sọ yìí. Gbogbo ayé ló ń gbé e lé Benedict lórí, ọmọ Nursia, baba àwọn mọ́ńkì, tó kú ní bí ọdún 547. Ìlànà tó kọ fún àwọn mọ́ńkì wà níbẹ̀, orí 73 ló ní. Ẹ ṣí i, ẹ wá a. Kò sí níbẹ̀! Kódà "Ora et labora", gbàdúrà kí o sì ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń kọ sára ògiri kiri, kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà ní orí 48 ni pé ìjókòó-lásán ni ọ̀tá ọkàn, àti pé ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun nípa iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, bí àwọn àpọ́sítélì ti ṣe, ìgbà náà ni wọ́n tó jẹ́ mọ́ńkì lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, iṣẹ́ kò kéré lójú Benedict. Àmọ́ ẹ yí ìwé padà sí orí 43: bí agogo ìsìn bá ti dún, kí kálukú ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó yára wá. Orí 5 tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní onígbọràn a fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ láìparí.

Láìparí o. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ àdúrà, agogo wo ni wọ́n tún ń lù?

Èrò tèmi nìyí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn fà á. A máa ń sọ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Òwe gidi ni. Ẹ wo bí ohùn tó wà lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nìkan ṣe ya oògùn kúrò lára àrùn. Ẹni tó bá ń bá òṣì jà, tó ní ọmọ nílé, òwe yìí ni ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi wo Brọ́dà ná. Ọkùnrin yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní ní nǹkan kan. Kò wá oògùn. Bó bá fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, kò ní fi kọ́ ilé kan, kò ní fi ra bàtà kan tí yóò pè ní tòun. Òfin Ìjọ, òfin 668, sọ pé ohun tí ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, ilé ló ni ín. Òun ló gbé iṣẹ́, tó gbé ìṣẹ́, tó sì jù oògùn sílẹ̀. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé?

Nítorí náà, iṣẹ́ tí Brọ́dà ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí èmi àti ìwọ ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ́ kan náà ló wà lọ́wọ́ wa. Èmi kò lè gbọ́ agogo nígbà tí owó oúnjẹ bá wà nínú ebè tí mò ń kọ. Òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ohun tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ni bí èèyàn ṣe ń di nǹkan mú dáadáa láìsọ ọ́ di tara rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Benedict fi ní, ní orí 31, kí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ilé máa wo gbogbo irinṣẹ́ àti ohun èlò bí ìgbà tó ń wo ohun èlò mímọ́ orí pẹpẹ. Ọkọ́ àti ife Mísà, ojú kan náà! Ní orí 32, ó ní kí olórí ilé kọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ sílẹ̀, kó lè mọ ohun tó fi lé arákùnrin lọ́wọ́ àti ohun tó gbà padà. Àwọn kan ń kà á bí ẹni pé ọ̀rọ̀ olè ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ ni.

Ọwọ́ bàbá Brọ́dà kan tó jẹ́ káfíńtà ni mo ti kọ́ èyí, kì í ṣe inú ìwé. N kò gbọ́ kó dárúkọ Benedict rí. Lọ́jọ́ kan, a ń kan àga ìkúnlẹ̀, mo ń gbá ìṣó, ìṣó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, ó ku ìlù kan péré. Agogo ìrọ̀lẹ́ dún. Mo gbé òòlù sókè kí n parí rẹ̀. Bàbá na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí ìṣó. Bí mo bá fẹ́ lù ú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni n ó lù. Kò bínú, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí títí mo fi gbé òòlù sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ayùn kọ́ síbi tí wọ́n ya àwòrán ayùn sí lára ògiri, ó ní ká máa lọ. Gbogbo Sáàmù ọjọ́ náà, orí ìṣó yẹn ni mò ń rí. Inú mi ru débi pé n kò mọ ohun tí a kà. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bàbá sún mọ́ mi, ó ní, "Ṣé o rí i báyìí pé ìṣó yẹn ti ń jẹ́ tìẹ?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀ bí a ti fi í sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jí i.

Bí wọ́n bá wá ní dandan kí n kọ gbólóhùn kan sára ògiri ilé àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, mo mọ èyí tí n ó kọ. Inú ìtàn ayé Benedict ló wà, èyí tí Póòpù Gregory Ńlá sọ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹ̀yà Goth, ẹni tí kò gbọ́n lọ títí, wá di mọ́ńkì lọ́dọ̀ Benedict. Benedict fún un ní irin kan tó rí bíi dòjé, kó fi ṣán ẹ̀gún kúrò ní ibì kan létí adágún omi, kí wọ́n lè fi ibẹ̀ ṣe ọgbà. Ọkùnrin náà gbára lé e, ó ń ṣán an tagbára-tagbára. Irin bá yọ kúrò nínú èèkù, ó fò sínú omi, níbi tó jìn débi pé kò sí ìrètí àtirí i mọ́. Ẹ̀rù bà á, ó ń gbọ̀n. Ó sáré lọ bá Maurus, ọmọ ẹ̀yìn Benedict, ó jẹ́wọ́ ohun tó sọnù lọ́wọ́ òun, ó ní òun ṣetán láti jìyà rẹ̀. Maurus lọ sọ fún Benedict. Benedict wá sétí omi náà, ó gba èèkù lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó tì í bọ omi. Irin gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ó sì padà wọ inú èèkù. Benedict gbé e fún un, ó ní: "Gbà, máa ṣiṣẹ́, má banújẹ́ mọ́."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ ni àdúrà rẹ. Kò ní ṣe ni kó túbọ̀ tẹra mọ́ṣẹ́ kó lè san gbèsè irin. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà á. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ náà ni wọ́n dá padà fún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú. Lójú mi, ìtumọ̀ Brọ́dà kò jìnnà sí ibẹ̀: ẹni tí wọ́n fi irinṣẹ́ lé lọ́wọ́, tí wọ́n ní kó má banújẹ́.

Àwọn tó ṣìnà sí òdìkejì náà wà o, tí wọ́n rò pé ẹni mímọ́ kì í fọwọ́ kan erùpẹ̀. Ìtàn àwọn baba aginjù ní Íjíbítì, àwọn tó lọ gbé aginjù nítorí àdúrà láyé àtijọ́, ti dá wọn lóhùn tipẹ́. John tí wọ́n ń pè ní Aràrá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun fẹ́ dà bí àwọn áńgẹ́lì tí kì í ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé ìsìn Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ó bọ́ aṣọ, ó wọ aginjù lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó padà wá kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè pé ta ni. Ó ní, "Èmi John ni." Ẹ̀gbọ́n dáhùn láti inú ilé pé, "John ti di áńgẹ́lì, kò sí láàárín èèyàn mọ́," ó sì fi í sílẹ̀ níta títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Èèyàn ni ọ́, o ní láti tún máa ṣiṣẹ́ kí o tó jẹun."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orúkọ àwọn ẹni mímọ́, wọ́n pọ̀, mi ò ní ka gbogbo wọn. Alphonsus Rodríguez ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kan nínú Ìjọ Kátólíìkì, ní Majorca fún ọ̀pọ̀ ọdún. André Bessette náà ṣọ́nà fún nǹkan bí ogójì ọdún ní Montreal, wọ́n sì kà á mọ́ ẹni mímọ́ ní ọdún 2010. Gerard Majella ránṣọ. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa ń yà sí ọwọ́ Martin de Porres nínú àwòrán.

Nicholas Owen ni mo fẹ́ kí àbúrò rẹ mọ̀. Káfíńtà ni, Brọ́dà Jésúìtì ni, ní England, nígbà tí ìjọba ń dọdẹ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kiri. Èèyàn kúkúrú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń tiro. Òun ló ń gbẹ́ ihò ìsápamọ́ sínú ògiri àti sábẹ́ àtẹ̀gùn àwọn ilé ńláńlá, kí àlùfáà lè rí ibi sá wọ̀. Òru ló fi ń ṣe é, òun nìkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò máa ṣe iṣẹ́ káfíńtà mìíràn lójú gbogbo èèyàn kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti dára tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ẹni tí yóò rí i, èèyàn kankan kò sì ní yìn ín. Bí ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe iṣẹ́ tí kò lè nàka sí kó ní tòun ni. Wọ́n mú un ní 1606, wọ́n dá a lóró nínú Ilé Ìṣọ́ London kó lè dárúkọ àwọn ilé náà. Ó kú síbẹ̀, kò dárúkọ ẹyọ kan. Wọ́n kà á mọ́ ẹni mímọ́ ní 1970. Mo fi ìtàn yìí síwájú ẹni tó ní iṣẹ́ Brọ́dà jẹ́ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ohun tó ń dùn mí lóde òní ni pé nínú àwọn ilé náà fúnra wọn, wọ́n ti ń gbàgbé. Ẹ bá ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọlé sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí wo ni òun yóò gbà níbẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Brọ́dà tó jẹ́ oníṣirò owó ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, èyí tó ń tún páìpù omi ṣe ni wọ́n ń pè nígbà tí omi bá ń jò. Ayùn tó bá kú díẹ̀, wọ́n sọ ọ́ nù, wọ́n ra òmíràn. Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní òòlù kan tó ti pààrọ̀ èèkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òòlù kan náà ni. Èmi ń bá a jiyàn nígbà náà pé kì í ṣe òun mọ́. Mo ti dákẹ́ iyàn báyìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá yín. Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ-ọmọ ló ń sunkún fún. Ẹ má fi ìtàn àwọn ẹni mímọ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ fún un pé wọn kì í fi ìkánjú gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu ọmọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn àkókò tí wọ́n bá fi kọ́kọ́ wo ara wọn, yóò ṣe nóvísì, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ ìgbé ayé ilé náà kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, fún oṣù 12 ó kéré tán. Ẹ̀jẹ́ onígbà-díẹ̀ ló tẹ̀ lé e, kì í dín ní ọdún 3. Bí ìgbà yẹn bá pé, tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, yóò gbé àpò rẹ̀, yóò wá sílé, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ìsáǹsá. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí gbé àpò tèmi, bàbá yẹn ló sì bá mi gbé e dé ẹnu géètì.

Bó bá dúró, tí ọjọ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ pé, kí ẹ mú ìyá wá. Iwájú ni wọ́n máa ń fi àwọn òbí sí.